Ohun tí Ọ̀wọ́ Sáfà Ń Béèrè Lọ́wọ́ Nẹ́tíwọ́ọ̀kì, láti Ṣakí dé Ìbàdàn

Ọ̀wọ́ sáfà ni kọ̀ǹpútà mẹ́ta, márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo, débi pé bí ọ̀kan bá kú, àwọn yòókù á máa bá iṣẹ́ lọ. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó so wọ́n pọ̀ ló ń jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, òun náà ló sì máa ń bà á jẹ́.

Sáfà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní adìrẹ́sì IP tí kì í yí padà. Aago gbogbo wọn gbọ́dọ̀ bára mu. Nọ́ńbà ojú ọ̀nà (port) tí wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ ṣí láàárín wọn, kó sì tì mọ́ gbogbo ayé: etcd, ibi tí Kubernetes, ètò tó ń darí iṣẹ́ lórí ọ̀wọ́ sáfà, ń kó àkọsílẹ̀ rẹ̀ sí, ń lo 2380 láàárín sáfà sí sáfà, ó sì ń lo 2379 fún àwọn tó ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀.

Sáfà méjì kò tó. Bí wáyà àárín wọn bá já, ìkíní á rò pé èkejì ti kú, èkejì náà á rò bẹ́ẹ̀, àwọn méjèèjì sì lè máa kọ àkọsílẹ̀ lọ. Nígbà tí wáyà bá padà bọ̀ sípò, àkọsílẹ̀ wọn lè ti takora: bó bá jẹ́ ti ilé-ẹ̀kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo lè ti ní máàkì méjì. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́ta, ìhà tí méjì wà ló ń bá iṣẹ́ lọ. Èyí tó dá wà gbọ́dọ̀ dákẹ́. Mẹ́rin kò sàn ju mẹ́ta lọ, nítorí ẹyọ kan náà ni wọ́n lè pàdánù.

Ká ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Òkè-Ògùn fi sáfà kan sí Ṣakí, ọ̀kan sí Ìsẹ́yìn, ọ̀kan sí Ìbàdàn. Jíjìn ọ̀nà kọ́ ni ìṣòro. Nínú wáyà fáíbà, ìmọ́lẹ̀ ń rin nǹkan bíi 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìrìn láti Ṣakí dé Ìbàdàn kò sì tó ìdá méjì nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Bí ẹnikẹ́ni kò bá yí ètò rẹ̀ padà, etcd máa ń dúró fún odindi ìṣẹ́jú àáyá kan kó tó gbà pé olórí ọ̀wọ́, sáfà tó ń darí àwọn yòókù, ti lọ. Wáyà tó ń já àti ọ̀nà tó há ló yẹ ká bẹ̀rù. Iná náà ńkọ́? Bí sáfà bá wà lórí bátìrì, tí swíìṣì tó so ó mọ́ àwọn yòókù kò sí lórí rẹ̀, asán ni bátìrì náà.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà lẹ́bàá Abidjan. Íntánẹ́ẹ̀tì dẹnu kọlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, iṣẹ́ àwọn báńkì kan ní Nàìjíríà sì dúró. Mẹ́rin ni wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi kan náà ni wọ́n gbà kọjá. Bákan náà, wáyà méjì tó bá ẹ̀bá títì kan ṣoṣo wọ Ìbàdàn, ọ̀nà kan ni: katakata tó ń tún títì ṣe lè já méjèèjì pọ̀. Bí Ṣakí àti Ìsẹ́yìn bá sì ní wáyà tó so wọ́n pọ̀ tààrà, àwọn méjèèjì á máa bá iṣẹ́ lọ láìsí Ìbàdàn. Kí ẹni tó fẹ́ ra sáfà kẹta kọ́kọ́ béèrè ibi tí wáyà kejì gbà.