Alùpùpù Àjogún: Ríǹgì La Ó Pààrọ̀ ni, tàbí Odindi Ẹ́ńjìnnì?

Ẹni tó bá ń gbé nítòsí wa ní Sheffield yóò ti mọ alùpùpù Honda CG125 pupa kan tó ti rìn láti ọwọ́ dé ọwọ́ láàrin wa. Ẹ̀gbọ́n wa kan ló kọ́kọ́ rà á. Nígbà tó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ tó ń padà sílé, ó fà á lé aburo rẹ̀ kan lọ́wọ́ pẹ̀lú àdéhùn kan ṣoṣo: ẹni tó bá ń lọ kò gbọ́dọ̀ tà á, ẹni tó ń bọ̀ ni kí ó fi sílẹ̀ fún. Báyìí ló ṣe dé ọwọ́ àwa mẹ́ta tí a jọ ń gbé. Ọdún 1983 ni wọ́n ṣe é, ó sì ju gbogbo wa lọ lọ́jọ́ orí.

Ní ìgbà òjò tó kọjá, bàbá arúgbó yìí bẹ̀rẹ̀ sí mu ọ́ìlì bí ọ̀mùtí. Bó bá ń gun òkè, tí òkè sì pọ̀ ní ìlú yìí, èéfín aláwọ̀ aró á máa tẹ̀ lé e. Ọ̀kan nínú wa ló ń gùn ún lọ síbi iṣẹ́ òru ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Bí ẹ́ńjìnnì bá nọ́ọ̀kì lórí eré, táyà ẹ̀yìn lè dúró gbagidi, kí ó sì gbé ẹni tó gùn ún ṣubú. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti owó nìkan mọ́.

Ìmọ̀ràn mẹ́ta ló jáde nínú ilé kan ṣoṣo. Ẹni àkọ́kọ́ ní kí á pààrọ̀ ríǹgì, kí á sì máa bá tiwa lọ. Ẹnì kejì ní kí á ra odindi ẹ́ńjìnnì tuntun láti Ṣáínà, kí á fi bóòtù dè é. Ẹnì kẹta ní kí á gbé sílíńdà fún ẹni tí yóò gbẹ́ ẹ fẹ̀, kí á wá písítìnì tó tóbi díẹ̀ sí i. A jiyàn títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tó yá ni a rí i pé kò sí ẹni tó tíì wọn nǹkan kan nínú wa.

Ibi tí ẹ́ńjìnnì náà ti wá

Ní 1976 ni CG125 jáde. Ilẹ̀ tí ọ̀nà rẹ̀ kò dán, tí ẹrù ibẹ̀ ń wúwo, tí ènìyàn ibẹ̀ kì í sì í tètè rántí pààrọ̀ ọ́ìlì, ni Honda rò nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Wọn kò fi ṣéènì yí káàmù rẹ̀. Jíà ló ń yí i, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ló sì ń ti fáàfù. Wọ́n bo ṣéènì ẹ̀yìn pátápátá kí iyanrìn má bàa jẹ ẹ́. Ní ọdún yẹn kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣe é ní Manaus, nílẹ̀ Brazil. Àwọn ará Ṣáínà náà ń ṣe irú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, irú rẹ̀ ló sì wà lára púpọ̀ nínú àwọn ọ̀kadà tó gbé wa kiri nílé. Ẹni tó bá mọ ọwọ́ rẹ̀ ní Sheffield, ó mọ ọwọ́ rẹ̀ ní Òṣogbo.

Ohun tí a rí

Èéfín tó bá jáde nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ẹ́ńjìnnì, tàbí nígbà tí a bá tún fún un ní epo lẹ́yìn tí a ti sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, ibi fáàfù ni a máa ń kọ́kọ́ fura sí. Èyí tó bá ń jáde ṣáá nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń fa ẹrù, ibi ríǹgì àti sílíńdà ni. Ti tiwa, ẹ̀yìn ni.

A yá gééjì, a yọ púlọ́ọ̀gì, a de gééjì sí ojú ihò rẹ̀, a ṣí ọwọ́ epo tán, a sì ń fi ẹsẹ̀ ta á. Ó fi páùn 95 hàn. A wá da ṣíbí kékeré kan ọ́ìlì sínú ihò náà, a tún ta á: ó fò sí 140. Ọ́ìlì yẹn ló dí àlàfo ẹ̀gbẹ́ ríǹgì fún ìgbà díẹ̀. Bó bá ṣe pé fáàfù ló ń jò ni, ọ́ìlì kì bá tí yí nǹkan padà.

A tú sílíńdà, a gbé e lọ bá ọ̀gá kan tó ń gbẹ́ irin. Ihò sílíńdà yìí nígbà tó wà ní tuntun jẹ́ mílímítà 56.50. Nísàlẹ̀, níbi tí ríǹgì kì í dé, ó ṣì jẹ́ 56.51. Lókè, ó ti di 56.64. Ihò náà ti rí bí àrọ tí a fi ń rọ epo, etí kan sì ti yọ lókè tí èékánná ń kọ́. Ríǹgì tuntun nínú irú ihò bẹ́ẹ̀, á máa fẹ̀, á máa sún, ní gbogbo ìgbà tí písítìnì bá lọ tó bá bọ̀. Etí òkè yẹn sì lè ṣẹ́ ẹ. Bí ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ ṣe kú nìyẹn.

Ìmọ̀ràn kejì kò yá a kú. A di ọ̀pá tó gbé písítìnì mú, a fà á sókè, a tì í sísàlẹ̀. Bó bá mì, a jẹ́ pé ìdí rẹ̀ ti jẹ. A óò la ilé ẹ́ńjìnnì sí méjì, a óò gbé kíráǹkì fún ẹni tó ní ẹ̀rọ tó lè tẹ̀ ẹ́ tú, owó rẹ̀ ì bá sì jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tuntun pọ́n wa lójú. Ṣùgbọ́n kò mì rárá. Ó ń sún díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, èyí kò burú. Yàtọ̀ sí èyí, nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà nínú ìwé alùpùpù. Ẹni tó bá pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ fi tó DVLA létí. Ìdí kò sí mọ́ tí a ó fi sọ ẹ́ńjìnnì tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ le nù.

Mélòó ni kí á gbẹ́?

Písítìnì tó ju ti àkọ́kọ́ lọ wà ní ìpele mẹ́rin: 0.25, 0.50, 0.75 àti mílímítà 1 gbáko. Ọ̀kan nínú wa fẹ́ kí á bẹ́ sórí 0.50 kí ọkàn wa lè balẹ̀. Ọ̀gá náà wo ojú irin, ó ní ọgbẹ́ rẹ̀ kò jìn, 0.25 yóò tó. A gbà, nítorí àdéhùn ẹ̀gbọ́n wa: bí a bá gbẹ́ díẹ̀, ó ku ìpele mẹ́ta fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

A kọ́kọ́ ra písítìnì ná, a sì gbé e fún ọ̀gá pẹ̀lú sílíńdà, kí ó lè gbẹ́ ihò náà bá a mu. Písítìnì àti ríǹgì jẹ́ páùn 32, gbígbẹ́ jẹ́ 50, gáskẹ́ẹ̀tì jẹ́ 14. Ẹ́ńjìnnì Ṣáínà tí a rí jẹ́ 290.

Ṣùgbọ́n kí ló jẹ sílíńdà náà? A ṣí ilé asẹ́ afẹ́fẹ́, a sì bá fóòmù inú rẹ̀ tó ti rún bí gúgúrú. Eruku ló ń wọlé tààrà, tó ń yọ́ irin bí ìyẹ̀pẹ̀ ṣe ń yọ́ ọ̀bẹ. Bí a kò bá pààrọ̀ rẹ̀, sílíńdà tuntun á tún tọ ọ̀nà ti àtijọ́. Páùn 9 péré ni òmíràn. Àròpọ̀ rẹ̀ di 105; páùn 35 kan ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn tí a tò ó tán, a kò sáré. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n. A kò tẹ̀ ẹ́ dé òpin, a kò sì jẹ́ kí ó dúró sórí eré kan náà fún ìgbà pípẹ́. A tún tètè da ọ́ìlì àkọ́kọ́ nù, nítorí irin wẹ́wẹ́ tó máa ń bọ́ sínú rẹ̀.

Ó ti rin máìlì 700 báyìí. Èéfín ti lọ. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru nínú wa sọ pé òun kì í tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì mọ́ bí òun bá ń bọ̀ ní ìdájí. A ti kọ gbogbo ìwọ̀n wọ̀nyí sínú ìwé kékeré kan, a sì fi í sábẹ́ àga alùpùpù náà. Ní oṣù kẹsàn-án, ọ̀kan nínú wa yóò padà sílé. Ẹni tí yóò gba ipò rẹ̀ yóò bá ìwé náà níbẹ̀, yóò sì mọ̀ pé ìpele mẹ́ta ló kù. Kí ó má fi ṣòfò.