Oúnjẹ Ìdin ni Agbára Eṣinṣin Èso

 

Ẹni tó bá gba Bẹẹrẹ lọ sí Ọjà'ba lásìkò ọsàn yóò rí àwọn ìyá ọlọ́sàn nídìí àtẹ wọn, abẹ lọ́wọ́, tí wọ́n ń bó èèpo ọsàn láìsinmi. Oníbàárà á gba èyí tí wọ́n ti gé lórí, á fi sẹ́nu, á fà á mu. Bó bá wo inú rẹ̀, tó rí ìdin funfun tó ń yí níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Á tu èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀ dànù, á sì bá tirẹ̀ lọ. Ìyá ọlọ́sàn á bínú sí alágbàtà, alágbàtà á gba oko lọ, á sì já owó ọsàn àgbẹ̀ wálẹ̀. Orí àgbẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń já lé.

Ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn kan tó ń mọ̀ọ́mọ̀ sin ìdin yìí ni a fẹ́ sọ lónìí. Owó ni wọ́n ń ná lé e lórí, wọ́n ń wọn oúnjẹ rẹ̀ lórí ìwọ̀n, wọ́n sì ń ṣọ́ ọ tọ̀sán tòru. Ohun tí wọ́n ti mọ̀ nípa oúnjẹ rẹ̀ wúlò fún àgbẹ̀ ju bí ẹ ti rò lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tí à ń bá jà. Eṣinṣin èso kì í ṣe eṣinṣin ilé. Kì í sì í ṣe àwọn kékeré tó máa ń yí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rọ̀ ká. Eṣinṣin tó ń gún èso tó ṣì wà lórí igi ni. Abo rẹ̀ ní ohun ẹlẹ́nu ṣóńṣó kan nídìí, òun ló ń kì bọ èso láti yé ẹyin sínú rẹ̀. Àwọn kan jẹ́ ọmọ onílẹ̀ ní Áfíríkà, bíi Ceratitis cosyra tó ń da olóko máńgòrò láàmú. Ṣùgbọ́n èyí tó burú jù lọ jẹ́ àlejò láti Éṣíà. Ilẹ̀ Kẹ́ńyà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní Áfíríkà ní ọdún 2003, kò sì pẹ́ tó fi dé ilẹ̀ Olómìnira Benin àti Nàìjíríà. Ní 2005 àwọn onímọ̀ sọ ọ́ ní Bactrocera invadens. Nígbà tó di 2015 wọ́n gbà pé Bactrocera dorsalis tí ayé ti mọ̀ tipẹ́ ni, wọ́n sì dá orúkọ náà padà fún un. Orúkọ yí padà, ìwà kò yí padà.

Kí ló wá dé tí ènìyàn á fi máa sin ọ̀tá? Ìdí méjì ló wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé àwọn ilẹ̀ kan máa ń sin eṣinṣin yìí lọ́pọ̀ yanturu, wọ́n á fi ìtànṣán tẹ àwọn akọ lọ́dàá, wọ́n á sì tú wọn sínú oko. Abo tó bá gùn pẹ̀lú irú akọ bẹ́ẹ̀ á yé ẹyin tí kò ní pa. Ilé iṣẹ́ kan wà ní El Pino, ní ilẹ̀ Guatemala, tó lè pèsè akọ tó ju bílíọ̀nù 1 lọ lọ́sẹ̀ kan. Ìdí kejì ló sún mọ́ wa jù. Agbọ́n kékeré kan wà tí kì í ta ènìyàn, Fopius arisanus lorúkọ rẹ̀. Inú ẹyin eṣinṣin èso ló ń yé ẹyin tirẹ̀ sí. Ìdin eṣinṣin á pa, á máa jẹun, á máa sanra, kò mọ̀ pé ẹlòmíràn ń gbé inú òun. Nígbà tó bá yẹ kí eṣinṣin jáde, agbọ́n ló máa jáde. Láti Hawaii ni ilé ìwádìí icipe ti gbé agbọ́n yìí wá sí Kẹ́ńyà ní 2006. Àjọ IITA, tó fìdí kalẹ̀ sí Ìbàdàn níbí láti 1967, náà tú u sílẹ̀ nínú oko máńgòrò ní ilẹ̀ Benin. Ẹni tó bá fẹ́ sin agbọ́n yìí ní láti kọ́kọ́ sin eṣinṣin, bí ìdin eṣinṣin kò bá sì jẹun yó, agbọ́n inú rẹ̀ á rù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ oúnjẹ ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Eṣinṣin tó ti hu ìyẹ́ kì í dàgbà mọ́. Bó ṣe tóbi tó lọ́jọ́ tó jáde ni yóò ṣe rí títí yóò fi kú. Kò dà bí òròmọdìẹ tí a lè fi oúnjẹ tọ́ padà bó bá rù. Ìgbà tó wà ní ìdin nìkan ló ń dàgbà, oúnjẹ ìgbà náà ló sì ń pinnu bí yóò ti tóbi tó, bí yóò ti lè fò tó, àti iye ẹyin tí abo rẹ̀ lè yé.

Ẹ wá wò ó: ọsàn dùn, ṣùgbọ́n omi àti ṣúgà ló pọ̀ nínú rẹ̀. Èròjà tó ń mú ara dàgbà, irú èyí tó wà nínú ẹ̀wà àti ẹyin, kéré níbẹ̀. Báwo ni ìdin ṣe ń sanra? Ohun tó ń jẹ èso rà ló ń ràn án lọ́wọ́. Nígbà tí abo bá gún èso, ó ń fi àwọn kòkòrò àìfojúrí sílẹ̀ pẹ̀lú ẹyin rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí á mú kí èso náà máa rà, ìdin á sì máa jẹ èso àti kòkòrò àìfojúrí pọ̀. Ìjẹrà tí àwa ń sá fún ni ẹran inú ọbẹ̀ tirẹ̀.

Nínú ilé ìwádìí, ìwúkàrà ló ń rọ́pò ìjẹrà yẹn, bí irú èyí tí àwọn oníbúrẹ́dì ń lò. Wọ́n á po ó pọ̀ mọ́ ṣúgà, omi, àti èèrí àlìkámà tàbí kárọ́ọ̀tì lílọ̀ tí ìdin á máa rìn nínú rẹ̀. Wọ́n á fi èròjà kíkan tó wà nínú ọsàn wẹ́wẹ́ sí i kí ohun tó ń ba oúnjẹ jẹ́ má baà gbilẹ̀, pẹ̀lú èròjà tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ bu, irú èyí tí wọ́n ń fi sínú ọtí ẹlẹ́rìndòdò.

Ó dà bí ohun tó rọrùn, àmọ́ ó ti já ọ̀pọ̀ kulẹ̀. Bí ìwúkàrà bá kéré, ìdin á pẹ́ kó tó gbó, eṣinṣin tó máa jáde á sì kéré. Bí omi bá pọ̀, ìdin á rì. Bó bá gbẹ, kò ní lè jẹ ẹ́. Bí ẹyin tí wọ́n dà sínú àwo kan bá pọ̀ jù, oúnjẹ á tán kí ó tó kárí. Ooru tún wà níbẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdin tó ń jẹun lójú kan máa ń mú àwo gbóná, bí ìgbà tí a kó koríko tútù jọ tí a wá ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Tí wọn kò bá tètè fẹ́ atẹ́gùn sí i, ooru yẹn lè pa wọ́n.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé oúnjẹ náà dára? Wọ́n á wọn hóró rẹ̀. Nígbà tí ìdin bá yó, á le, á sì pọ́n rúsúrúsú bí hóró ìrẹsì ọ̀fadà. Inú rẹ̀ ni yóò ti hu ìyẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n á kó àwọn hóró yìí sínú ọ̀pá kan tí kò ga ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ, tí wọ́n ti fi àtíkè pa nínú. Àtíkè yẹn ń yọ̀, kò sí èyí tó lè fi ẹsẹ̀ rìn jáde. Èyí tó bá lè fò nìkan ló máa jáde, wọ́n á wá ka àwọn tó ṣẹ́kù sísàlẹ̀. Akọ tí kò lè fò jáde nínú ọ̀pá kékeré, báwo ni yóò ṣe rí abo nínú oko? Bó tilẹ̀ rí i, abo kò ní wo ojú rẹ̀.

Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ wá lọ wo ìdí igi ọsàn yín. Èso tó ti já wà níbẹ̀, ó rọ̀, ó tutù, ó ti ń kan, ó ti ń rà. Òjìji igi bò ó lórí, ilẹ̀ rírọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Gbogbo ohun tí ilé ìwádìí ń náwó wá ló pé síbẹ̀. A ń bá eṣinṣin sin ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́.

Kì í sì í ṣe oko nìkan. Ìwádìí kan tó jáde ní 2011 lórí ìwọ̀-oòrùn àti àárín gbùngbùn Áfíríkà rí àlejò láti Éṣíà yìí nínú irú èso 46. Máńgòrò àti gúáfà wà níbẹ̀, òro wà níbẹ̀, èso tí a fi ń ṣe òrí wà níbẹ̀. Furúùtù náà wà níbẹ̀, igi tí àwọn àgbààgbà máa ń jókòó sí abẹ́ rẹ̀ nínú agboolé. Ẹni tó ń gbé Bẹyẹrunka tàbí ìdí òkè Mápó, tó sì ní oko lábà, lè gbá ìdí ọsàn rẹ̀ mọ́ kí furúùtù ilé rẹ̀ máa bọ́ eṣinṣin fún àdúgbò.

Ọsàn tiẹ̀ ń gbìyànjú láti gba ara rẹ̀. Omi tó máa ń ta síni lójú bí a bá fún èèpo ọsàn ń pa ẹyin àti ìdin kéékèèké. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wọn fi ń kú sínú èèpo. Ṣùgbọ́n bí ọsàn bá pọ́n jù lórí igi, agbára èèpo náà á dín kù. Ẹ tètè máa ká ọsàn tó bá ti gbó.

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ó kéré tán, ni kí ẹ máa ṣa èyí tó já. Ẹyin ń pa láàárín bí ọjọ́ 2, ìdin sì lè yó láàárín bí ọ̀sẹ̀ 1 sí i. Bó bá ti yó, á ká ara rẹ̀ kò, á fò jáde, á sì wọ inú ilẹ̀ díẹ̀ lọ di hóró. Ẹni tó ń ṣa èso lẹ́ẹ̀kan lóṣù, èèpo lásán ló ń ṣa. Ẹ má kó o jọ sí ẹ̀gbẹ́ oko, ẹ má sì fi iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀ bò ó. Ibùsùn lẹ tẹ́ fún un yẹn. Ẹ kó o sínú ọ̀rá dúdú, ẹ dì í lẹ́nu pinpin, kí ẹ gbé e sínú oòrùn fún bí ọ̀sẹ̀ 2, tàbí kí ẹ gbẹ́ kòtò tó jìn ju ẹsẹ̀ bàtà 2 lọ, kí ẹ bò ó dáadáa. Oògùn tí a fọ́n sórí ewé kì í dé ara ìdin tó wà nínú èso.

Ohun kan wà tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lè dáwó jọ ṣe, tí ẹnì kan kò gbọdọ̀ dá dojú kọ. Ní Hawaii, wọ́n ń fi àwọ̀n ṣe àgọ́ kékeré, wọ́n á sì máa da èso tó já sínú rẹ̀. Ihò àwọ̀n náà kéré ju ohun tí eṣinṣin lè gbà jáde lọ, ṣùgbọ́n àwọn agbọ́n wẹ́wẹ́ tó ń pa á lè gba ibẹ̀ padà sínú oko. Bí oko mẹ́wàá tó fara kan ara wọn bá ní ẹyọ kan ṣoṣo, èrè rẹ̀ á hàn ju kí ẹnì kan máa gbá oko tirẹ̀ mọ́ kí ti aládùúgbò máa rà, torí eṣinṣin kò mọ ààlà oko.

Ẹni tí kò bá gbà wá gbọ́, kó wá abọ́ ńlá kan, kó da yanrìn tó tutù díẹ̀ sí i, kó kó ọsàn 5 tó já lé e lórí, kó sì fi aṣọ fẹ́lẹ́ dè é lẹ́nu. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2, kó jọ yanrìn náà, kó ka hóró pupa tó bá rí níbẹ̀, kó wá wo iye ọsàn tó já sílẹ̀ nídìí igi kan ṣoṣo. Tó bá kà á tán, kó da omi gbígbóná sórí gbogbo wọn kó tó dà wọ́n nù.