Àárò Àná àti Ayé Òní: Àríkọ́gbọ́n láti inú Ẹ̀fẹ̀ àti Gẹ̀lẹ̀dẹ́ Ilẹ̀ Yewa

Ìfáárà
Bí ayé bá le, ọ̀rọ̀ kan kì í wọ́n lẹ́nu àwọn àgbà: ayé àtijọ́ dùn ju ti ìsinsìnyí lọ. Wọ́n á ní oúnjẹ pọ̀ nígbà náà, ọmọ ń gbọ́ràn, kò sì sí ẹnubodè tí ń dá ará dúró lọ́nà. Iṣẹ́ yìí ṣe àlàyé ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin kí àná máa fa ènìyàn sẹ́yìn àti kí ènìyàn máa fi àná tún òní ṣe. Ẹ̀fẹ̀ àti Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ilẹ̀ Yewa, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ni ó fi ṣe àpẹẹrẹ.

Àárò àti Ìrántí
Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ ti fi ìyàtọ̀ yìí hàn. Bí ọkàn ẹni tí ó wà lájò bá ń fà sílé, wọ́n á ní àárò ilé ń sọ ọ́. Nínú gbólóhùn yìí, àárò ni olùwà, ènìyàn sì ni àbọ̀. Ṣùgbọ́n nínú "ó rántí ilé", ènìyàn ni olùwà. Òun ni ó ń ṣe ìrántí, òun náà ni ó sì lè lo ohun tí ó rántí. Ẹni tí àárò ń sọ ń fẹ́ kí àná padà wá. Ẹni tí ó rántí mọ̀ pé àná ti lọ, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ẹ̀kọ́ rẹ̀ bá a lọ.

Àná Ilẹ̀ Yewa
Kò yani lẹ́nu bí àárò bá ń sọ àwọn ará agbègbè yìí. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1889, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé ṣe àdéhùn tí ó la ilẹ̀ náà sí méjì. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ tí ó jẹ́ ti ilẹ̀ Kétu sì bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asíwájú, ọmọ Ìmẹ̀kọ, ṣe ìfiwéra ìṣàkóso méjèèjì nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1976. Ààlà náà ṣì ń ni àwọn ènìyàn lára: ìjọba Nàìjíríà ti àwọn ẹnubodè orí ilẹ̀ ní oṣù Kẹjọ 2019, ti Ìdí-Ìrókò kò sì ṣí títí di oṣù Kẹrin 2022.

Síbẹ̀, àárò a máa yọ egungun inú ẹja àná kí ó tó gbé e fúnni jẹ. Ní 1886, ọdún mẹ́ta péré ṣáájú àdéhùn náà, ni àwọn ọmọ ogun Dàhòmì kó Kétu. Àná tí kò ní ààlà òyìnbó ní ogun àti ìkónilẹ́rú.

Ọgbọ́n inú Ẹ̀fẹ̀ àti Gẹ̀lẹ̀dẹ́
Ní òru Ẹ̀fẹ̀, ìbà ni ó máa ń ṣáájú. Òṣèré á júbà àwọn òrìṣà, àwọn baba ńlá àti àwọn ìyá. Lẹ́yìn ìbà, ọ̀rọ̀ ìlú ló kàn: á yin ẹni tí ó ṣe rere, á sì fi ẹni tí ó hùwà ìbàjẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Bí kò bá júbà àná, kò ní àṣẹ láti sọ̀rọ̀. Bí ó bá sì dúró sórí ìbà, kò tíì ṣe Ẹ̀fẹ̀.

Igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí ó ń jáde lọ́sàn-án rí bákan náà. Ojú tí ó wà nísàlẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ó tutù, ó sì parọ́rọ́. Ohun tí agbẹ́gilére gbẹ́ sórí rẹ̀ ni ó ń bá ìgbà yí: ẹyẹ àti ejò wà níbẹ̀, alùpùpù, ẹ̀rọ ìránṣọ àti ọkọ̀ òfuurufú náà sì wà níbẹ̀.

Àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ogún ìran ènìyàn ní 2001, ó sì wọ ìwé àkọsílẹ̀ àjọ náà ní 2008 lórúkọ Benin, Nàìjíríà àti Tógò. Ohun tí ààlà pín, ogún yìí ṣì so ó pọ̀.

Orúkọ Yewa náà bá ọgbọ́n yìí mu. Odò àtayébáyé ni Yewa, ṣùgbọ́n ní 1995 ni orúkọ rẹ̀ rọ́pò Ẹ̀gbádò, kí ó lè gba gbogbo ẹ̀yà agbègbè náà mọ́ra. Ohun àtijọ́ ni wọ́n mú ṣe iṣẹ́ tuntun.

Iṣẹ́ Olùkọ́
Bí olùkọ́ bá ń fi "ní ayé àtijọ́" bẹ̀rẹ̀ gbogbo ẹ̀kọ́ àṣà, akẹ́kọ̀ọ́ á gbà pé àṣà ti kú. Ó sàn kí ó bi akẹ́kọ̀ọ́ Ìlaró tàbí Ayétòrò léèrè pé kí ni ó yẹ kí Ẹ̀fẹ̀ bá ìlú wí lọ́dún yìí, kí sì ni agbẹ́gilére ìwòyí lè gbẹ́ sórí igi. Kí ó kọ́ wọn ní ìbà pẹ̀lú, kí wọ́n mọ ibi tí àṣẹ ti wá. Kí ó má sì fi ogun 1886 pamọ́ fún wọn.

Ìkádìí
Ìgbà kan kò lo ilé ayé gbó. Àárò kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè ṣe olùkọ́. Ìrántí ni ó lè kọ́ni, nítorí pé ó ń jẹ́ kí ènìyàn mọ ohun tí yóò mú dání àti ohun tí yóò fi sílẹ̀.