Omi Méjì Ìkògòsì

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa Èkìtì Kété, òkè ni gbogbo ènìyàn máa ń kọ́kọ́ mẹ́nu bà. Wọ́n á ka Ọlọ́ṣùntà ti Ìkẹ́rẹ́, wọ́n á ka Ọlọ́tà ti Adó, wọn kò sì ṣì í sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti fi ẹsẹ̀ rin ilẹ̀ náà mọ̀ pé ibi tí òkè bá pọ̀ sí ni orísun omi ń pọ̀ sí, àti pé òjò tí ó rọ̀ sórí àpáta kì í ṣègbé, abẹ́ igbó àti inú pàlàpálá òkúta ni í gbà tí í fi padà wá bá ọmọ ènìyàn. Láti Adó, níbi tí wọ́n ti sé odò Ùrèjé kí àwọn ará ìlú lè rí omi ẹ̀rọ mu, bí a bá kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, a ó kan Ìyìn, a ó sì kan Ìgèdè, níbi tí odò Ọ̀ṣun ti ṣẹ̀, Ọ̀ṣun kan náà tí ó ṣàn dé Òṣogbo, tí àjọ UNESCO kọ orúkọ igbó rẹ̀ tí ó wà níbẹ̀ mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní ọdún 2005, tí ó sì ń ṣàn lọ bọ́ sínú ọ̀sà. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ a máa kọjá ní Ìgèdè láìdúró. N kò bá wọn wí, nítorí odò kì í pariwo ní ibi tí wọ́n ti bí i.

Lẹ́yìn Ìgèdè ni Aramọkọ, ibẹ̀ ni a sì ti ń yà gba Erínjìyàn lọ sí Ìkògòsì. Láti ibẹ̀ lọ ni ọ̀nà ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, tí òkè ń sún mọ́ ọ̀nà lọ́tùn-ún lósì, tí atẹ́gùn tí ó gba ojú fèrèsé ọkọ̀ wọlé ń tutù sí i, tí àwọn ọmọ tí wọ́n ti sùn láti Ìyìn ń jí, tí wọ́n ń béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́ẹ̀kan sí i, bóyá a ti dé. Òkè tí ó yọ síwájú yìí, tí wọ́n ń pè ní òkè Ẹ̀fọ̀n, tí ó na ara rẹ̀ láti àríwá lọ sí gúúsù, òun ni baba omi tí à ń lọ wò: ní ẹsẹ̀ rẹ̀, lápá ìlà-oòrùn, ni ṣẹlẹ̀rú Ìkògòsì ti ń sun.

Omi méjì ni. Èkíní gbóná, èkejì tutù. Èyí tí ó gbóná ń sun láti inú àpáta lábẹ́ òjìji igi ńláńlá, èyí tí ó tutù ń ti apá òkè mìíràn bọ̀, wọn kò sì jìnnà sí ara wọn. Olúkúlùkù ń gba ojú ọ̀nà tirẹ̀ wálẹ̀ láàárín òkúta àti gbòǹgbò, títí wọn yóò fi pàdé lójú kan, tí wọn yóò sì di odò kan ṣoṣo, ọlọ́wọ́ọ́wọ́, tí ó ń bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá dúró lókè tí ó ń wo ìpàdé wọn kò ní rí ohun ìyanu kankan, nítorí omi méjèèjì mọ́ gaara, ọ̀kan kò ní àwọ̀ tí èkejì kò ní, iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ hàn kedere ní ìsàlẹ̀ wọn, ewé gbígbẹ tí ó já láti orí igi ń bá àwọn méjèèjì lọ láìṣàyàn. Àwọn baba wa ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Ní Ìkògòsì, àfojúbà pàápàá kò tó, àfi àfẹsẹ̀tẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ ọdún méje kan bọ́ bàtà rẹ̀, kí ó ká ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún, kí ó sì sọ̀ kalẹ̀ sí ibi ìpàdé yẹn. Yóò kọ́kọ́ fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ kan tọ́ omi wò, yóò fà á padà, yóò tún tì í bọ̀ ọ́. Nígbà tí ó bá wá ki ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ èyí tí ó gbóná, tí ó ki ẹsẹ̀ òsì bọ èyí tí ó tutù, ẹ ó rí i tí ojú rẹ̀ yí padà, tí ẹnu rẹ̀ là tí kò rí ọ̀rọ̀ sọ, tí ó wo ìsàlẹ̀, tí ó wo ìyá rẹ̀, tí ó tún wo ìsàlẹ̀, kí ó tó wá figbe ta pe àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kí wọ́n wá o. Mo ti rí àgbàlagbà ọlọ́lá tí ó wọ agbádá, tí ó ṣe bákan náà gẹ́lẹ́. Ìyá àgbà tí orúnkún ń yọ lẹ́nu kì í pariwo ní tirẹ̀: yóò wá òkúta tí ó tẹ́jú jókòó lé lẹ́bàá omi gbígbóná, yóò wọ́ ìró rẹ̀ sókè díẹ̀, yóò ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ omi, yóò sì máa fi àtẹ́lẹwọ́ bu omi sí orúnkún náà díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú àdúrà lẹ́nu. Bí àwọn ọmọ bá ní, "Màmá, ẹ dìde ká máa lọ síwájú," èsì rẹ̀ ni pé, "Ẹ máa lọ, ẹ̀yin ọmọ mi. Èmi ti dé ibi tí mò ń lọ."

Kò lè ṣe kí irú omi báyìí má ní ìtàn. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pa á ju ọ̀kan lọ, ṣùgbọ́n èyí tí ó tàn kálẹ̀ jù ni pé ọdẹ kan, akíkanjú ọkùnrin, ní ìyàwó méjì ní ìgbà ìwáṣẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ onínúfùfù, ẹni tí ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ bí nínú, èkejì jẹ́ onísùúrù, ẹni tí í fi ẹ̀rín gba èébú. Orogún sì ni wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni ilé olórogún kì í sábà rójú. Nígbà tí ìjà wọn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ kò lè fi orí lé ìrọ̀rí sùn mọ́, àwọn méjèèjì di omi, oníbìínú di èyí tí ó gbóná, onísùúrù di èyí tí ó tutù, ọkọ sì di òkè tí ó dúró tì wọ́n. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ìtàn yìí ni pé ẹni tí ó kọ́kọ́ pa á kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi: kò ní kí èyí tí ó gbóná gbẹ, kò sì fi èyí tí ó tutù ṣe olórí lé e. Wọ́n ṣì ń pàdé lójoojúmọ́ ní ẹsẹ̀ ọkọ wọn, olúkúlùkù ń mú ìwà rẹ̀ bọ̀ títí wọ́n fi ń wọnú ara wọn. Tọkọtaya tí wọ́n bá débẹ̀ a sì máa fi ìtàn náà bá ara wọn ṣeré, kí ọkọ máa sọ irú omi tí ìyàwó jẹ́, kí ìyàwó náà sì máa dá a padà fún un.

Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ní àlàyé tiwọn, kò sì dín ìyanu náà kù lójú mi. Òjò tí ó rọ̀ sórí òkè ni omi méjèèjì; ṣùgbọ́n bí òjò náà ti ń mu sínú ilẹ̀, apá kan rẹ̀ kò rìn jìnnà kí ó tó yọ jáde, òun ni ó tutù; apá kejì bọ́ sí ojú ibi tí àpáta ti sán, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ, títí ó fi dé ìjìnlẹ̀ ibi tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ti gbóná, nítorí bí a bá ti ń wọnú ilẹ̀ lọ sí i ni ooru ń pọ̀ sí i; lẹ́yìn náà ni omi tí ó ti gbóná yìí rí ojú sísán mìíràn gbà, tí ó sì gòkè padà kí ooru rẹ̀ tó lọ tán. Kò sí òkè oníná ní Èkìtì. Òjò, àpáta àti ìjìnlẹ̀ ilẹ̀ ni wọ́n jùmọ̀ ń ṣe iṣẹ́ náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa sọ pé ooru rẹ̀ tó 70 lórí òṣùwọ̀n Celsius ní ojú orísun, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á fi òdodo sọ ọ́: omi tí ó gbóná tó 70 yóò bó ọmọ ènìyàn lára, bẹ́ẹ̀ sì ni omi Ìkògòsì rí bí omi tí abiyamọ fi ń wẹ ọmọ tuntun, àwọn tí wọ́n sì fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n bá a ní nǹkan bí 38, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ooru ara wa dọ́gba. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí ó bá pẹ́ nínú rẹ̀ kì í fi í mọ ibi tí ara rẹ̀ parí sí àti ibi tí omi ti bẹ̀rẹ̀. Omi Wikki tí ó wà ní igbó Yankari ní ìpínlẹ̀ Bauchi tó nǹkan bí 31. Ti ìlú Bath ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àwọn ará Róòmù àtijọ́ kọ́ ilé ìwẹ̀ sí, tó nǹkan bí 46. Láàárín àwọn méjèèjì ni tiwa wà, ibẹ̀ gan-an sì ni ó tu ara lára jù.

Ọdún 1952 ni wọ́n máa ń dárúkọ pé àlùfáà Onítẹ̀bọmi kan láti Amẹ́ríkà, John S. McGee, rí omi náà, tí òkìkí rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kàn. Ó yẹ kí a dárúkọ rẹ̀, nítorí ẹni tí ó ṣe ohun rere kò yẹ kí a gbàgbé. Ṣùgbọ́n a kì í rí ohun tí kò sọnù, àwọn ará ìlú ti mọ omi wọn, wọ́n sì ti ń wẹ̀ nínú rẹ̀ kí àlejò tó dé. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1996, kò sí ìjọba tí kò fi ibẹ̀ yangàn. Ilé àlejò wà níbẹ̀, adágún ìwẹ̀ ńlá tí wọ́n ń fa omi gbígbóná sí wà níbẹ̀, àwọn kan sì ti di omi ibẹ̀ sínú ìgò tà ní orúkọ Gossy. Mo yìn wọ́n. Ohun kan ni mo fi ń bẹ gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn: kí símẹ́ńtì má ṣe borí etí odò, nítorí ibi tí ọmọdé kò bá ti lè fi ẹsẹ̀ lásán tẹ iyanrìn, àwòrán lásán ni ó ń wò, kí àáké má sì ṣe gun òkè, nítorí igi àti ewé tí ó bo òkè ni wọ́n ń dá òjò dúró kí ó tó ríbi mu sínú àpáta, òkè tí a bá sì fá ní orí, àgbàrá ni yóò máa kó òjò rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀lé ọjọ́ Àjíǹde, tí àwọn onígbàgbọ́ ilẹ̀ wa ń pè ní Gálílì, nítorí pé Olúwa ṣáájú àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ lọ sí Gálílì, wà lára àwọn ọjọ́ tí èrò ń wọ́ lọ síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọjọ́ tí ó tẹ̀lé Iléyá, tí àwọn mùsùlùmí ń kó ẹbí wọn jáde. Kò sí ohun ńlá tí wọ́n ń ṣe. Wọ́n á tẹ́ ẹní sábẹ́ igi, wọ́n á tú kúlà ìrẹsì, wọ́n á ṣí mọ́ínmọ́ín ewé, ẹni tí ìyá rẹ̀ bá ṣì lágbára á gbé ẹ̀bìrìpò jáde, iyán á sì di alẹ́ nílé, nítorí ará Èkìtì kan kò jẹ́ jẹ iyán tí ó ti tutù. Àwọn bàbá á tẹ́ ọpọ́n ayò, àwọn ìyá á máa ka orí àwọn ọmọ láti òkèèrè. Àwọn ọmọ fúnra wọn ti hùmọ̀ eré tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ wọn: ọ̀kan á mú ewé tútù kan lọ sí ojú omi gbígbóná, ọ̀kan á mú irú rẹ̀ lọ sí ojú omi tútù, wọ́n á jùmọ̀ sọ wọ́n sómi, wọ́n á sì máa sáré tẹ̀lé wọn létí odò, kí wọ́n lè mọ ti ta ni yóò kọ́kọ́ dé ibi ìpàdé. Ewé á há sábẹ́ gbòǹgbò, wọn kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ kàn án, òfin eré ni. Wọ́n á máa fẹ́ ẹ lẹ́nu, wọ́n á máa bẹ̀ ẹ́, wọ́n á máa fi orúkọ ara wọn pè é, títí omi yóò fi yí i lójú, tí yóò sì tún gbéra. Bí bàbá bá ti gbọ́ igbe "Tèmi ti dé o!", yóò fi ọmọ ayò sílẹ̀ lọ́wọ́, yóò lọ ṣe onídàájọ́, kò sì ní tètè padà sídìí ọpọ́n mọ́, nítorí òun náà á ti já ewé tirẹ̀.

Ní ìgbà òjò, òkúta ibẹ̀ a máa yọ̀, kí a di ọmọ kékeré lọ́wọ́ mú. Ẹni tí kò bá fẹ́ ariwo, kí ó fo ọjọ́ ọdún dá, kí ó lọ ní àárín ọ̀sẹ̀ nígbà ọyẹ́, kí ó sì tètè jí kúrò ní Adó, nítorí ní òwúrọ̀ ọyẹ́, kí oòrùn tó ga, omi gbígbóná a máa rú èéfín fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ti tútù kì í rú, ìgbà náà nìkan sì ni ojú lè mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì.