Sísún Ààlà Inú Kọ̀ǹpútà Láìpàdánù Iṣẹ́ Ẹni

Ní Ẹdẹ wa yìí, níbi tí Federal Polytechnic, Redeemer's University àti Adeleke University wà, ọmọ tí ó ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà lè nílò Windows àti Linux lórí ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Àwọn méjèèjì a máa pín dísíìkì ẹ̀rọ náà gẹ́gẹ́ bí ọmọ ìyá méjì ti í pín ilẹ̀ baba wọn. Bí ìpín Linux bá kún nígbà tí àyè ṣì pọ̀ lọ́dọ̀ Windows, ìmọ̀ràn tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé kí a fọ́máàtì gbogbo rẹ̀, kí a tún bẹ̀rẹ̀. Kò pọn dandan. Ààlà náà ṣeé sún.

Èkíní, ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo ohun iyebíye inú rẹ̀ sórí dísíìkì mìíràn, kí ẹ sì ṣí i wò. Bí BitLocker bá ti dísíìkì náà pa, ẹ kọ nọ́ńbà 48 tí a fi ń ṣí i sílẹ̀, kí ẹ sì dá a dúró fún ìgbà díẹ̀. Ẹ pa Fast Startup pẹ̀lú, nítorí kì í jẹ́ kí Windows kú tán.

Èkejì, láti inú Windows fúnra rẹ̀ ni kí ẹ ti dín ìpín Windows kù: ẹ wá Shrink Volume nínú Disk Management.

Ẹ̀kẹta, ẹ fi flash tí Ubuntu wà lórí rẹ̀ tan ẹ̀rọ náà, kí ẹ sì ṣí GParted, nítorí Linux kò lè sún ilẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ dúró lé. Àyè òfìfo gbọ́dọ̀ fi ara kan ìpín Linux. Bí ó bá wà níwájú rẹ̀, GParted yóò kó gbogbo ẹrù inú ìpín náà sí ipò tuntun. Èyí lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí.

Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́ náà, ẹrù tí a ń kó lè bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Kí bátìrì kún, kí jẹnẹrétọ̀ sì wà ní sẹpẹ́. Ẹni tí iná rẹ̀ kò dá lójú lè fi ìpín Linux sílẹ̀ bí ó ti wà, kí ó sọ àyè òfìfo náà di ìpín kẹta tí àwọn méjèèjì yóò jọ máa kó ìwé sí.

Iṣẹ́ àṣekágbá ọmọ wa, àkọsílẹ̀ ìjọ, àwòrán àwọn òbí tí ó ti sùn nínú Olúwa, gbogbo wọn lè wà nínú ẹ̀rọ kan. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ààlà náà fún yín, ẹ kọ́kọ́ bi í pé: ẹ̀dà rẹ̀ dà?