Ṣé o mọ̀? Dáyámọ́ǹdì ń gbé ooru ju bàbà lọ
Dáyámọ́ǹdì ń gbé ooru kọjá nínú ara rẹ̀ ní nǹkan bí ìlọ́po 5 ti bàbà, bẹ́ẹ̀ iná mànàmáná kì í sábà gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹnìkan lè ní irin nìkan ló mọ iṣẹ́ yìí, nítorí àwọn ẹlẹ́kítíróònù tó ń rìn fàlàlà nínú irin ló ń ru ooru kiri. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn wà. Átọ́ọ̀mù kábọ́ọ̀nù inú dáyámọ́ǹdì fúyẹ́, wọ́n sì dì mọ́ra pinpin: bí ọ̀kan bá gbọ̀n, kíá ni ìgbọ̀nrìrì náà dé ọ̀dọ̀ èkejì. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ta ohun ọ̀ṣọ́ fi ń fi ẹnu irinṣẹ́ gbígbóná kan òkúta tí wọ́n bá fura sí; bó bá jẹ́ gíláàsì, ẹnu irinṣẹ́ náà kì í tètè tutù.