Ṣé O Mọ̀? Ọba Tó Ń Túmọ̀ Ìwé, Olódòdó Tó Ń Ya Fíìmù, àti Àwọn Èèyàn Pọ́túgàl Mìíràn

Fi igbá rẹ kalẹ̀ ná. Mo ní ọ̀rọ̀ fún ọ láti ilẹ̀ àwọn Potogí, àwọn tí bàbá wa ń pè ní Àgùdà. Láti nǹkan bí 1860 títí di 1900 ni mò ń sọ. Ilẹ̀ kékeré ni, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn inú rẹ̀!

Ṣé o mọ̀ pé èdè Potogí ni ayé fi ń pe Èkó? “Lagos” ní èdè wọn, adágún omi ló ń jẹ́. Kì í ṣe adágún kan, ọ̀pọ̀ adágún ni.

Dúró, ó kù. Lagos mìíràn wà ní gúúsù Pọ́túgàl gan-an, létí òkun. Ibẹ̀ ni wọ́n ti pa ẹni ìkẹyìn tí ìjọba ibẹ̀ dá ẹjọ́ ikú fún láìjẹ́ pé ó jẹ́ ológun. Ọdún 1846 ni.

Nígbà tó di 1867, wọ́n wọ́gi lé òfin ikú náà pátápátá, àfi ti àwọn ológun nìkan. Victor Hugo, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká òǹkọ̀wé Faransé, kọ lẹ́tà kí wọn kú oríire.

Ọdún méjì péré lẹ́yìn náà, ní 1869, wọ́n fòfin de oko ẹrú ní gbogbo ilẹ̀ tó wà lábẹ́ àsíá wọn. Síbẹ̀, àwọn tí wọ́n dá sílẹ̀ ṣì ní láti sin olówó wọn fún ọdún mélòó kan sí i.

Ó yá, jẹ́ ká yà sí ààfin.

Ṣé o mọ̀ pé Ọba Luís, tó gorí ìtẹ́ ní 1861, fi ọwọ́ ara rẹ̀ túmọ̀ Shakespeare sí èdè Potogí? Ọba aládé o! Hamlet jáde ní 1877. Ó tún túmọ̀ òmíràn lé e. Ó tún túmọ̀ ẹ̀kẹta.

Ọba yìí kan náà tún ń ta cello, gòjé ńlá tí wọ́n máa ń gbé sáàárín orúnkún ta.

Ṣé ìyẹn yà ọ́ lẹ́nu? Gbọ́ èyí. Ní 1884, ọ̀fọ̀ ṣẹ ìdílé ọba. Kábíyèsí ò lè lọ sí tíátà, bẹ́ẹ̀ eré olórin tuntun ń lọ lọ́wọ́ ní São Carlos, ní Lisbon. Ni wọ́n bá na wáyà tẹlifóònù láti orí ìtàgé dé ààfin Ajuda. Kábíyèsí jókòó sílé, ó gbé e sétí, ó sì ń gbọ́ orin bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́!

Ní 1884 ni o. Nǹkan bí ọdún méjì ni tẹlifóònù tíì lò nígboro Lisbon.

Bàbá Luís wá ńkọ́? Ferdinand lorúkọ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Jámánì ni. Wọ́n fi adé ilẹ̀ Gíríìsì lọ̀ ọ́, ó kọ̀ ọ́. Wọ́n fi adé ilẹ̀ Sípéènì lọ̀ ọ́, ó tún kọ̀ ọ́. Olórin orí ìtàgé kan, Elise Hensler, ni ó fẹ́ ní 1869.

Àwọn méjèèjì ní ilé kan nínú igbó Sintra. O mọ èèpo igi tí wọ́n fi ń dí ẹnu ìgò wáìnì? Òun ni wọ́n fi ṣe ilé náà lọ́ṣọ̀ọ́, yí ẹnu ọ̀nà ká, yí fèrèsé ká. Bí o bá rí ògiri rẹ̀ lókèèrè, o ó ní pákó ni. Sún mọ́ ọn, ọ̀dà ni wọ́n fi kùn ún bíi pákó!

Ní 1873, ìgbì òkun gbé àwọn ọmọ Ọba Luís méjèèjì ní Cascais. Ìyá wọn, Ayaba Maria Pia, kò dúró pe ìránṣẹ́. Ó bẹ́ sómi tẹ̀lé wọn tòun taṣọ. Òṣìṣẹ́ ilé iná tó ń tọ́ ọkọ̀ òkun sọ́nà ló fa gbogbo wọn jáde.

Ẹ̀gbọ́n nínú àwọn ọmọ náà ni Carlos. Òun ni ọba láti 1889.

Wàyí o, di ọjọ́ kan mú fún mi: ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án.

Ọjọ́ yẹn ni wọ́n bí Carlos ní 1863.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n bí Amélia, ọmọ ìdílé ọba Faransé tó wá di ìyàwó rẹ̀, ní 1865. Ọkọ àti ìyàwó, ọjọ́ ìbí kan ṣoṣo!

Kò tíì tán. Ọjọ́ yẹn ní 1878, tí Carlos pé ọmọ ọdún 15, ni wọ́n tan iná mànàmáná níta gbangba ní Pọ́túgàl fún ìgbà àkọ́kọ́. Cascais ni wọ́n ti tàn án. Àtùpà mélòó? Mẹ́fà péré.

Ó tún kù! Ọjọ́ yẹn náà, ní 1893, ni wọ́n dá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù FC Porto sílẹ̀. Ta ló dá a sílẹ̀? Oníṣòwò wáìnì kan, António Nicolau de Almeida. Ẹgbẹ́ tí o ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n lónìí nìyẹn.

Ṣé o mọ̀ pé Ọba Carlos jẹ́ ayàwòrán? Ó sì fẹ́ràn òkun ju ààfin lọ. Láti 1896 ló ti ń wọ ọkọ̀ lọ ṣèwádìí ẹja inú ibú. Ọkọ̀ mẹ́rin ni ó ní tẹ̀léra. Amélia ni ó sọ èkíní. Amélia ni ó sọ èkejì. Ẹ̀kẹta ńkọ́? Amélia. Ẹ̀kẹrin? Ìwọ náà ti mọ̀ ọ́n.

Jẹ́ ká kúrò láàfin, ká bọ́ sígboro.

Ní Porto, àfonífojì odò Douro jìn. Ní 1877, ilé iṣẹ́ Eiffel, ẹni tó wá kọ́ ilé ìṣọ́ Paris lẹ́yìn náà, gbé afárá onírin fò ó. Ọrun afárá náà gùn ní mítà 160 láìní òpó kankan lábẹ́. Maria Pia ni wọ́n sọ ọ́, orúkọ ayaba.

Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn rẹ̀, afárá mìíràn tún dé. Mítà 172! Alájà méjì ni: o lè gba ti òkè, o lè gba ti ìsàlẹ̀. Luís ni wọ́n sọ ọ́. Afárá ìyàwó ló kọ́kọ́ dé, ti ọkọ ló wá ju tìyàwó lọ.

Ní Braga, ọkọ̀ kan ń gun òkè Bom Jesus láti 1882. Kò ní ẹ́ńjìnnì, kò lo iná. Ọkọ̀ méjì ni, okùn kan ló so wọ́n pọ̀. Wọ́n á rọ omi kún inú èyí tó wà lókè, á wúwo, á máa sọ̀ kalẹ̀, á sì máa fa èkejì gòkè. Títí di òní olónìí, omi náà ló ń ṣiṣẹ́ yẹn.

Ní Lisbon, ibùdókọ̀ ojú irin Rossio ṣí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1890. Ilẹ̀kùn rẹ̀ rí bíi bàtà ẹsẹ̀ ẹṣin. Ọkọ̀ ojú irin á gba inú ilẹ̀ abẹ́ òkè fún ohun tó ju mítà 2,600 lọ, kó tó yọ sí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì òkè nínú ilé náà!

Ọkọ̀ táràmù tó ń fi iná mànàmáná rìn dé Porto ní 1895. Ìbaaka ló ń fà á tẹ́lẹ̀.

Ó dáa. Wàyí, ìwé kíkà.

Nígbà tí wọ́n ka èèyàn ilẹ̀ náà ní 1890, wọ́n lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù márùn-ún. Nínú èèyàn mẹ́wàá, ó ju méje lọ tí kò mọ̀wé kà.

Ní irú ilẹ̀ yìí kẹ̀, àwọn òǹkọ̀wé wọn ya bo ayé!

Camilo Castelo Branco fẹ́ ìyàwó oníyàwó. Wọ́n ti òun àti obìnrin náà mọ́lé ní Porto. Nínú ẹ̀wọ̀n yẹn, ní 1861, ó kọ ìtàn ìfẹ́ kan. Ó ní ọjọ́ 15 ni òun fi kọ ọ́. Ìtàn yẹn ni àwọn Potogí ṣì ń kà títí dòní, Amor de Perdição.

Eça de Queirós, tí ọ̀pọ̀ gbà pé òun lọ̀gá gbogbo wọn, aṣojú ìjọba lókè òkun ni. Ó ṣiṣẹ́ ní Cuba láti 1872, níbi tí oko ẹrú ò tíì tán, tí àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Lukumí wà. Ó jà fún àwọn ará Ṣáínà tí wọ́n kó wá sóko ìrèké ibẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ló lo ọdún 14 ní Newcastle àti Bristol, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilẹ̀ òtútù yẹn ni ó jókòó sí tó ń kọ̀wé nípa oòrùn Lisbon. Os Maias, ìwé rẹ̀ tó lókìkí jù, jáde ní 1888.

Cesário Verde ń ta irin àti irinṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ ní Lisbon, ó sì ń kọ ewì. Ó kú lọ́mọ ọdún 31. Kò rí ìwé ara rẹ̀ rí: ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló kó ewì náà jọ tó tẹ̀ ẹ́ ní 1887.

Ìyá Gonçalves Crespo jẹ́ ẹrú ní Brazil. Ọmọ náà wá sí Pọ́túgàl, ó kàwé ní Coimbra, ó di akéwì pàtàkì, ó sì wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ọmọ ẹrú di aṣòfin!

João de Deus náà, akéwì ni. Ní 1876, ó fi ewì sílẹ̀ ná, ó kọ ìwé a-b-d fún àwọn ọmọdé. Àìmọye ọmọ ló fi ìwé yẹn mọ̀wé.

Àwọn tí kò mọ̀wé rárá wá ńkọ́? Rafael Bordalo Pinheiro ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ fún wọn. Ní 1875, ó dá ọkùnrin kan sínú ìwé ìròyìn: Zé Povinho, mẹ̀kúnnù onírùngbọ̀n tí ìjọba ń gba owó orí lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo ìlú dá a mọ̀. Ara wọn ni wọ́n rí.

Bordalo yìí náà tún lọ dá ilé iṣẹ́ amọ̀ sílẹ̀ ní Caldas da Rainha ní 1884. Àwo rẹ̀ kan rí bí ewé kábéèjì: ó tutù yọ̀yọ̀, iṣan ewé hàn lára rẹ̀, etí rẹ̀ ká kò. Wọ́n ṣì ń ṣe é títí dòní.

Ṣé o mọ̀ pé ìbínú ló bí orin orílẹ̀-èdè Pọ́túgàl? Ní 1886, wọ́n ya máàpù kan, wọ́n fi àwọ̀ osùn pupa fẹ́ẹ́rẹ́ kun ilẹ̀ Áfíríkà láti Angola dé Mozambique, wọ́n ní tàwọn ni. Ní ọjọ́ 11 oṣù kìíní 1890, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní kí wọ́n kó ọmọ ogun wọn kúrò níbẹ̀ kíá. Wọ́n kó wọn kúrò. Inú ará ìlú ru.

Lọ́dún yẹn náà, Alfredo Keil, ọmọ télọ̀ ará Jámánì kan ní Lisbon, gbé orin kalẹ̀ láti fi fẹ̀hónú hàn. Ní 1911, orin yẹn di orin orílẹ̀-èdè. Keil ò gbọ́. Ó ti kú ní 1907.

Kò sí ẹni tó bi àwọn ọmọ Áfíríkà inú máàpù yẹn léèrè. Ní 1895, wọ́n mú Gungunhana, ọba ilẹ̀ Gaza ní Mozambique. Wọ́n gbé e kọjá nígboro Lisbon kí gbogbo ayé lè wò ó, wọ́n sì lé e lọ sí erékùṣù Azores. Ibẹ̀ ni ó kú sí ní 1906. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí.

Nítòsí wa ńbí náà ńkọ́? Láti 1885 sí 1887, Pọ́túgàl ní àwọn ni aláàbò etíkun Dahomey. Ọdún méjì, wọ́n fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn ò fi odi kékeré wọn ní Ouidah sílẹ̀. Wọ́n dì í mú títí di 1961! Nígbà tí ìjọba Dahomey ní kí wọ́n jáde, wọ́n fi iná sí i kí wọ́n tó lọ.

Ǹjẹ́ o mọ ọmọ Pọ́túgàl tó kọ́kọ́ ya fíìmù? Olódòdó ni! Aurélio Paz dos Reis ń ta òdòdó ní Porto. Ní ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá 1896, ó fi fíìmù rẹ̀ han àwọn èèyàn nínú tíátà. Kí ni wọ́n rí? Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń jáde ní fákítìrì tí wọ́n ti ń rán ṣẹ́ẹ̀tì. 

Fadá kan wà tó ga débi pé Himalaya ni wọ́n ń pè é. Ó ní òun fẹ́ kó oòrùn jọ. Ní 1904, ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sí St. Louis ní Amẹ́ríkà. Ó ju ẹgbẹ̀rún mẹ́fà dígí lọ lójú ẹ̀rọ náà! Oòrùn lásán ni ó fi ń yọ́ irin. Ó gba ẹ̀bùn ńlá níbẹ̀.

Dókítà Sousa Martins bá ikọ́ ẹ̀gbẹ jà, ó sì kú ní 1897. Bí o bá dé ìdí ère rẹ̀ ní Lisbon lónìí, òkúta mábù kéékèèké ni wọ́n tò yí i ká, òkìtì lórí òkìtì. Ọ̀rọ̀ ọpẹ́ ló wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á tan àbẹ́là, wọ́n á gbé òdòdó sílẹ̀. Ìjọ ò kà á mọ́ àwọn ẹni mímọ́. Àwọn èèyàn ló kà á mọ́ wọn.

Jẹ́ kí n wá fi àwọn obìnrin dé e ládé.

Domitila de Carvalho ni obìnrin àkọ́kọ́ tó wọ yunifásítì Coimbra nígbà tó tún ṣílẹ̀kùn fún obìnrin, ní 1891. Wọ́n ní aṣọ dúdú ni kó máa wọ̀, kí ojú má baà wà lára rẹ̀. Oyè ẹ̀kọ́ mélòó ni ó gbà? Mẹ́ta! Ìṣirò, ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, ìṣègùn.

Wọ́n bí Carolina Beatriz Ângelo ní 1878. Dókítà ni, opó ni, ó lọ́mọ. Òfin ní ẹni tó mọ̀wé tàbí tó jẹ́ olórí ilé lè dìbò. Ó ní, “Èmi nìyẹn.” Ilé ẹjọ́ ní òótọ́ ni. Ó dìbò ní 1911. Ní 1913, wọ́n yára kọ ọ́ sínú òfin pé ọkùnrin nìkan ni.

Èyí tó kẹ́yìn nìyí, òun ni mo sì fẹ́ kí o gbé délé. Adelaide Cabete, ọmọ mẹ̀kúnnù ará Elvas, wọ́n bí i ní 1867. Kò lọ sílé ìwé lọ́mọdé, iṣẹ́ ló ń ṣe. Ó fẹ́ ṣójà kan. Ọkọ náà bá a pín iṣẹ́ ilé ṣe, ó ní kó lọ kàwé. Ní 1889, ó ṣe ìdánwò alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún 22 ni. Ní 1900, ó di dókítà. Ọmọ ọdún 33 ni.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ lọ́la pé ọjọ́ ti lọ lórí òun, ìtàn Adelaide ni kí o kọ́kọ́ sọ fún un.